Orin Tí Ìwé Kò Kọ Tán

Ìwọ òǹkàwé, orin kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Obìnrin ọlọ́lá kan tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Comtessa de Dia ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, nígbà tí ọ̀rúndún kejìlá ń lọ sí òpin. A chantar ni à ń pè é. Kì í ṣe orin ìsìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orin ogun. Obìnrin náà fẹ́ràn ọkùnrin kan tọkàntọkàn, ọkùnrin náà sì dà á. Ó wá ń béèrè àǹfààní tí ẹwà, ọgbọ́n àti ìdílé rere ṣe fún òun. Nínú gbogbo orin tí àwọn obìnrin akéwì ilẹ̀ náà ṣẹ̀dá ní ayé ìgbà nì, èyí nìkan ṣoṣo ni ohùn rẹ̀ kù sí wa lọ́wọ́. Ti àwọn ọkùnrin pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewì àwọn akéwì-akọrin wọ̀nyí, àwọn tí à ń pè ní troubadour, tí ó kù títí di òní tó nǹkan bí 2,500, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá péré ni a rí ohùn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ni a wá bá nínú ìwé? Ìwé aláfọwọ́kọ kan ni, tí ó wà ní ilé ìkàwé ìjọba ilẹ̀ Faransé ní Paris, tí a sì kọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí orin náà ti jáde lẹ́nu ẹni tí ó ni ín. A to àmì kéékèèké sórí ìlà, lókè ọ̀rọ̀ ẹsẹ kìíní. Àwọn àmì náà fi ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ hàn wá. Wọn kò sọ èyí tí ó yẹ kí akọrin fà gùn àti èyí tí ó yẹ kí ó gé kúrú. Wọn kò sọ bóyá kí ó yára tàbí kí ó rọra. Wọn kò sì dárúkọ ohun-èlò kankan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀mọ̀wé méjì, Pierre Aubry àti Johann Baptist Beck, sọ pé àwọn ti rí ọ̀nà tí a fi lè mọ gígùn ohùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá ara wọn jà kíkankíkan lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò tilẹ̀ gbà mọ́ pé ọ̀nà náà bá irú orin yìí mu.

Bí a bá kọ oríkì ìdílé rẹ sórí tákàdá, ìwọ yóò mọ bí a ti ń ké e, nítorí pé ìyá rẹ ti ń ké e sí ọ létí láti ìgbà tí o ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ Comtessa rí nínú gbogbo àwa tí ó wà láàyè. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba orin rẹ̀ sínú àwo ní láti fi ti ara rẹ̀ kún un. Dandan ni èyí, kò sì yẹ kí a bá a wí nítorí rẹ̀.

Èmi tìkára mi ni mo jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. Àwo tí mo kọ́kọ́ gbọ́, èmi kò ní dárúkọ àwọn tí ó ṣe é, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun-èlò olókùn kan tí a ń fi ìka ta jẹ́jẹ́, títí ìlù kékeré kan fi dá sí i, kí ohùn obìnrin náà tó jáde. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, láti ọdún dé ọdún, pé bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ààfin àwọn ọlọ́lá gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ kan ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ìwé wo ni ó kọ ọ́ sí?" Mo dá a lóhùn pé kí ó jókòó. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó lọ wá ìwé náà, n kò sì rí i, nítorí kò sí.

Ibo wá ni ìlù àti okùn náà ti wá? Ní ọdún 1960, ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Binkley, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Studio der frühen Musik sílẹ̀ ní ìlú Munich, ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn Lárúbáwá ti gbé ilẹ̀ Sípéènì fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, àti pé orúkọ lute pàápàá ti inú èdè wọn wá. Wọ́n fetí sí àwọn olórin Àríwá Áfíríkà tí ó ṣì ń lo àṣà àtijọ́ náà, wọ́n sì kọ́ bí a ti ń fi okùn ṣí ọ̀nà fún orin àti bí a ti ń fi í sinmi láàárín ẹsẹ. Binkley kò fi ibi tí ó ti yá a pamọ́. Èrò tí ó mọ́gbọ́n dání ni, a sì gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gbọ́ ọ, wọ́n ṣe bí tirẹ̀, wọ́n sì gbàgbé láti sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Nígbà tí ó ṣe, ohun tí ẹnì kan rò di ohun tí gbogbo ènìyàn "mọ̀".

Christopher Page ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ó dá ẹgbẹ́ Gothic Voices sílẹ̀ ní ọdún 1980, ó sì tú ìwé ìtàn àti ìwé ẹ̀kọ́ àtijọ́ wò láti mọ ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà nì sọ nípa orin wọn. Ohun tí ó rí mú un gbà pé ohun-èlò bá orin ijó rìn dáadáa, ṣùgbọ́n pé orin àwọn ọlọ́lá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ohùn ènìyàn nìkan ni ó sábà ń gbé e. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára ju ti Binkley lọ. Àwọn àwo rẹ̀ mọ́ gaara bí omi àfètémọ́jú, etí sì gba ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mo rò pé ọ̀ràn parí síbẹ̀, àfi ìgbà tí mo ka ìwé tí Daniel Leech-Wilkinson gbé jáde ní ọdún 2002. Ó rán wa létí pé inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti kọ́ irú àwọn akọrin bẹ́ẹ̀ ní ohùn tí kì í gbọ̀n, tí ó sì tutù. Ìyẹn ni pé ohùn tí a rò pé a kò fi nǹkan kan kún náà ní ilé tí ó ti wá, ilé náà kò sì sí ní ààfin Comtessa. Ó dùn mí láti gbà á, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Ní ti èmi, bí o bá béèrè èyí tí mo fẹ́ràn jù, Montserrat Figueras ni, nínú àwo tí òun àti ẹgbẹ́ Jordi Savall ṣe nípa orin àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ìparí àwọn ọdún 1970. Okùn ń sin ohùn rẹ̀, kò sì sí ìwé tí ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn ìlà kejì bá tún padà dé ní òpin ẹsẹ, o ó gbọ́ ẹni tí a dà, tí kò sì tíì lè gbàgbé. Èyí tí n kò lè fara dà ni àwọn àwo tí a ń lu ìlù kíkan sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a sì ń ta agogo sí, bí ẹni pé ọ̀nà ọjà ni obìnrin náà ń lọ. Ìbànújẹ́ kò rí ààyè mí nínú wọn. (Ní ti Carmina Burana tí a máa ń gbọ́ nínú sinimá, má ṣe jẹ́ kí ó tàn ọ́ jẹ: ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ti ìwé ọ̀rúndún kẹtàlá wá; Carl Orff ni ó ṣe ohùn rẹ̀, a sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Frankfurt ní ọdún 1937. Orff kò sọ pé àtijọ́ ni.)

Mo ṣì ń lo àwo mi àkọ́kọ́ ní kíláàsì. Bí okùn bá ti ta tán, tí ìlù sì ti dá sí i, mo máa ń dá ẹ̀rọ dúró, mo sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé ti àwọn tí ó ṣe àwo ni gbogbo ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà mo tún tẹ̀ ẹ́, obìnrin náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin.