Tàdáwà Sesshū

Tákàdá kan wà ní Ilé Àkójọ Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọba ní Tokyo tó gùn, àmọ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 33. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Sesshū, àlùfáà ẹlẹ́sìn Zen, ya òkè àti omi sí lọ́dún 1495, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 76 bí àwọn ará Jàpáàn ṣe ń kà á. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan, Sōen, ń padà sí Kamakura, ó sì ní kí bàbá ya nǹkan fún òun. Bàbá kọ ọ́ sórí àwòrán náà pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, ọkàn òun ò sì já geere mọ́. Mi ò gbà á gbọ́ rárá.

Dúdú èéfín tí wọ́n fi àtè pò títí tó fi le gbagidi ni tàdáwà wọn. Orí òkúta ni wọ́n ti ń fi omi lọ̀ ọ́. Èyí tó ṣàn ni Sesshū fi ya òkè tó wà lókèèrè. Àpáta iwájú ò tíì gbẹ tó fi gbé èyí tó ki lé e. Níbi tómi ṣì wà, dúdú náà tàn, ó di ewé. Níbi tó ti fẹ́ẹ́ gbẹ, ojú ìlà dúró ṣánṣán. Bó bá yá jù, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀. Bó bá pẹ́ jù, àbàwọ́n ni. Tákàdá ò sì mọ àtúnṣe.

Wúruwùru yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń yìn. Ibi tójú tèmi ń lọ yàtọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ àpáta: ìlà tín-ín-rín díẹ̀ ló di òrùlé ilé ọtí, pẹ̀lú òpá àsíá rẹ̀. Lápá ọ̀tún, èèyàn méjì wà nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ẹ fi àtàǹpàkò bò wọ́n wò: àpáta á di tàdáwà tó dà sílẹ̀, ìsàlẹ̀ á di tákàdá lásán. Ọkọ̀ yẹn ló sọ ibẹ̀ di odò.

Ọnà tàdáwà wúruwùru yìí ti wà ní Ṣáínà tipẹ́, lọ́wọ́ ayàwòrán Yujian, Sesshū fúnra rẹ̀ sì dé Ṣáínà lọ́dún 1467. Síbẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sórí àwòrán náà, Josetsu àti Shūbun, àwọn àgbà ayàwòrán nílé ní Jàpáàn, ló gbóríyìn fún.

Àwọn àlùfáà mẹ́fà ní Kyoto tún kọ ewì sókè rẹ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa, àmọ́ ká ní èmi ni, mi ò ní fún wọn láàyè.