Ọwọ́ Tí Kì í Fi Àpá Sílẹ̀

Ọ̀gá kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe kọ́kọ́ fi aṣọ nu pátákó dúdú tó ń yàwòrán lé, ó nu pẹ́ẹ̀nì rẹ̀, ó wá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Sùúrùlérè la wà, l'Ékòó. Fọ́tò ọjọ́ ìbí òṣèrébìnrin kan tó fẹ́ pé àádọ́ta ọdún ló wà lójú kọ̀ǹpútà.

Kò fọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ̀dà méjì ló ṣe lé e lórí: ọ̀kan gba àwọ̀ àti òjìji, èkejì gba ihò òógùn, irun wẹ́wẹ́ àti ìlà ètè. Bó bá ti yà wọ́n báyìí, ó lè tan dúdú abẹ́ ojú láìsọ ara di ike.

Ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ wa títí irorẹ́ kan fi tó owó ẹyọ. Ó mú Healing Brush, èyí tó wọ inú Photoshop ní 2002. Ó tẹ Alt, ó fi pẹ́ẹ̀nì kan ibi tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irorẹ́ náà, ó sì fi kan irorẹ́. Ó ti lọ. Kì í lọ jìnnà mú ara. Ó ní ara iwájú orí kì í ṣe ara ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èjì ẹnu obìnrin náà, kò tilẹ̀ yà síbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ òun òjìji ló gba àkókò. Ó dín agbára búrọ́ọ̀ṣì kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń ra á, ó ń ra á, bí ẹni ń fi ìyẹ́ adìẹ ra òògùn sójú egbò iná. Mi ò rí ohun tó yí padà. Nígbà tó ṣe, ó pa ẹ̀dà tó ń ṣiṣẹ́ lé, ó tún tan án: egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ.

Ó wá kan Liquify, irinṣẹ́ tó ń ti ara àwòrán síwá sẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ fi pupa kun férémù ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn obìnrin náà kó má baà mì, nítorí igi ilẹ̀kùn tó bá tẹ̀ ló ń tú àṣírí. Lẹ́yìn náà ló ń ti ìbàdí wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ẹ̀yìn ìgbákọ ran àmàlà. Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù kẹwàá 2017, ìpolówó tí wọ́n bá ti ṣe irú èyí sí ara mọ́dẹ̀lì gbọ́dọ̀ ní àkọlé pé wọ́n tún fọ́tò náà ṣe.

Mo bi í pé, irun ńkọ́? Ó mi orí. Ọdún 2017 yẹn náà ni wọ́n gé irun tí òṣèré Lupita Nyong'o dì sẹ́yìn kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Grazia ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tún tẹ́ ìyókù pẹlẹbẹ. Lupita fúnra rẹ̀ ló gbé ojúlówó jáde. Ayafọ́tò tó ṣe é sì tọrọ àforíjì. Iṣẹ́ náà mọ́ o. Ká ní kò sọ̀rọ̀ ni, ta ni ì bá mọ̀?

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́yìn wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí pẹ́ẹ̀nì náà kàn tí kò ṣojú rẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe ń pa àtúnṣe náà, tó ń tan án, mo rí i tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wọn ìbàdí ara rẹ̀.