Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Àyẹ̀wò Ìwé Educated

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní ilé wa tí a kò tíì parí. Ìyá mi fẹ́ mú àbúrò mi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, kí ó máa kọ́ ọ nílé fúnra rẹ̀ títí yóò fi ṣe GCE. Ó ní ìwà tí ọmọ náà ń kó bọ̀ láti ilé ìwé kò bá ìgbàgbọ́ wa mu. Bàbá mi kò gbà. Àsìkò yìí ni mo ka Educated, ìwé tí Tara Westover kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, tí ó jáde ní 2018. Mo rò pé yóò gbè sẹ́yìn bàbá mi.

Ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Tara ní 1986. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Ọmọ ìjọ Mormon ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí ó ń ṣòwò irin àlòkù, kò fọkàn tán ìjọba, ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn. Agbẹ̀bí ni ìyá rẹ̀, ewé àti egbò ni ó sì fi ń tọ́jú ẹbí. Tara ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Òfin Idaho kò sì béèrè pé kí òbí tí ń kọ́ ọmọ nílé fi tó ìjọba létí.

Nígbà tí Tara wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bí èmi náà ṣe wà báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tyler gbà á níyànjú, ó sì ṣe ACT, ìdánwò tí yunifásítì ibẹ̀ fi ń gba ọmọ wọlé. Ó gba 22, ó tún un ṣe, ó gba 28. Ní kíláàsì, ó nawọ́, ó béèrè ohun tí Holocaust túmọ̀ sí, ìyẹn ìpakúpa tí ìjọba Hitler pa àwọn Júù. Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun ka ìwé tí olùkọ́ ní kí wọ́n rà. Àwòrán inú rẹ̀ ni ó ń wò. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, lẹ́yìn náà ojú tì mí. Ibi tí ìwé yìí ti dára jù nìyẹn: òǹkọ̀wé kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn mú wa jókòó tì í ní kíláàsì náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ka ìwé yìí bí ẹ̀sùn sí ẹ̀kọ́ inú ilé. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ méje náà gba oyè ọ̀mọ̀wé. Tara gba tirẹ̀ ní Cambridge ní 2014. Ohun tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mìíràn ń fìyà jẹ ẹ́, kò sì sí olùkọ́ tí yóò rí àpá ọwọ́ rẹ̀ kí ó béèrè. Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ní ilé yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ igba ènìyàn náà síta.

Ìwé náà ní àléébù. Ó sáré kọjá lórí bí àwọn ọmọ náà ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí òbí bí ìyá mi ń wá gan-an nìyẹn. Síbẹ̀, níbi tí ìrántí Tara àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá ti bára mu, ó sọ ọ́ fún wa. Àwọn òbí rẹ̀ kò gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó kọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ kékeré yẹn mú kí n gbà á gbọ́.

Mo gbé ìwé náà fún ìyá mi. Nígbà tí ó kà á tán, ó ní, “Ṣé irú òbí yìí ni o rò pé mo jẹ́?”

Mo ní, “Rárá o, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ́ ọ nílé, ta ni yóò máa bá wa wò ó?”

Kò dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo rí i lẹ́yìn ìsìn, ó ń bi olùkọ́ ìṣirò kan nínú ìjọ wa bóyá yóò lè máa yà ní ilé wa ní ọjọ́bọ̀. Bàbá mi kò tíì gbà. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń ṣí ilẹ̀kùn.