Ẹṣin Iwájú, Ta Ló Gùn Ún? Àgbéyẹ̀wò Ọnà Aṣáájú àti Òṣèlú ní Yúróòpù, 1909 sí 1938

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní tíọ́rì lámèyítọ́ wò. Àṣà wa ni pé kí a to àwọn tíọ́rì náà bí ẹni to àwo sórí pẹpẹ: Formalism níhìn-ín fún ìhun, Marxism lọ́hùn-ún fún òṣèlú. A padà sí ibi tí ìhun àti òṣèlú ti pàdé, ìyẹn láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà aṣáájú ilẹ̀ Ítálì, Rọ́ṣíà àti Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, a sì rí i pé irú ìhun kan náà sin ọ̀gá tó yàtọ̀ síra. Èrò wa ni pé ìhun kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọnà ní ẹni tó ń bọ́ ọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ìfáàrà

Lọ́dọọdún, bí mo bá ń ka orí kejì nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbólóhùn méjì kan kì í wọ́n níbẹ̀. Èkíní ni pé Formalism kò bìkítà nípa òṣèlú, ìhun iṣẹ́ nìkan ló gbájú mọ́. Èkejì ni pé iṣẹ́ ọnà tó bá ti já kúrò nínú àṣà àtijọ́, ọ̀rẹ́ òmìnira ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló dá wọn hùmọ̀. Inú àkọsílẹ̀ tí àwa olùkọ́ fún wọn ní kíláàsì ni wọ́n ti rí i. Èmi náà kọ ọ́ sójú pátákó fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Mo sì gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka Haúsá àti ẹ̀ka Ígbò pé bẹ́ẹ̀ náà lọ́rọ̀ rí lọ́dọ̀ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ojú ogun ni avant-garde ní èdè Faransé. Àwọn ọmọ ogun tó ṣáájú ẹgbẹ́ wọn lọ wo ibi tí ọ̀tá wà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kó tó di orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ọnà aṣáájú ni a ó máa pè é nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn baba wa ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe náà kò sọ ẹni tó jókòó lórí ẹṣin iwájú fún wa, ohun tí a sì fẹ́ wádìí nìyẹn.

Ẹni tó ní kí wọ́n wó akadẹ́mì

Filippo Tommaso Marinetti, akéwì ọmọ Ítálì tí wọ́n bí sí Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì ní 1876, ló gbé ìwé ìkéde ẹgbẹ́ Futurism jáde nínú ìwé ìròyìn Le Figaro ní Paris ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì 1909. Ọkọ̀ tó ń sáré wù ú ju ère àtijọ́ lọ. Ó ní kí wọ́n pa mùsíọ́ọ̀mù, ilé ìkàwé àti akadẹ́mì run, ó sì ní ogun ni yóò fọ ayé mọ́. Àfi bí ẹni pé ó ti gbọ́ ọ rí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó tú gbólóhùn ká, ó yọ àmì ìdánudúró kúrò nínú ewì, ó to ọ̀rọ̀ káàkiri ojú ìwé, lẹ́tà ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré, kí ariwo ẹ̀rọ àti ti ìbọn lè máa dún létí ẹni tó ń kà á. Ẹni tó bá ti kọ́ni ní ìfìrómọ̀rísí rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé irú ewì bẹ́ẹ̀ jáde, ó ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn ní 1911, nígbà tí Ítálì lọ gba Líbíyà mọ́ ìjọba Turkey lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn sí ohun tó rí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìbọn náà ti ń dún.

Ogun àgbáyé dé, ogun tó ní yóò fọ ayé mọ́. Umberto Boccioni, tí mo gbà pé òun ló mọṣẹ́ jù nínú àwọn ayàwòrán wọn, já bọ́ lórí ẹṣin níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun ní 1916, ó sì kú. Antonio Sant'Elia, tó ń ya àwòrán ìlú ọjọ́ iwájú, kú sójú ogun lọ́dún kan náà. Marinetti kò yí ohùn padà. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Futurism sílẹ̀ ní 1918, ó dúró ti Mussolini ní 1919 nígbà tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ Fáṣíìsì sílẹ̀, wọ́n sì jọ fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún náà ni. Ní 1920 ó kúrò láàárín wọn nítorí pé Mussolini kò fẹ́ dojú kọ ọba àti Póòpù. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, à bá pè é ní alágídí tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó padà sọ́dọ̀ wọn. Ní 1929 ó di ọ̀kan lára àwọn ọmọ Akadẹ́mì Ọba ti Ítálì tí ìjọba Mussolini dá sílẹ̀, òun tó ní kí wọ́n wó akadẹ́mì. Ní 1935, nígbà tó ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ bá Ítálì jagun ní Etiópíà.

Kí ni ẹgbẹ́ rẹ̀ rí gbà? Ìjọba Fáṣíìsì kò fìgbà kan sọ ọnà Futurism di ọnà ìjọba. Wọ́n fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọnà mìíràn, wọ́n sì ń lò ó nígbà tó bá wù wọ́n.

Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni

Ní Rọ́ṣíà, àwọn ọ̀dọ́ akéwì bíi Vladimir Mayakovsky gbé ìwé ìkéde tiwọn jáde ní 1912, wọ́n ní kí wọ́n da Pushkin, Dostoevsky àti Tolstoy nù. Nígbà tí Marinetti wá kí wọn ní 1914, àwọn kan nínú wọn kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní ọmọ ẹ̀yìn ará Ítálì. Síbẹ̀ irinṣẹ́ wọn fara jọra: wọ́n ń fọ́ gbólóhùn, wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ tuntun, wọ́n sì ń fi àṣà àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ka ìhun nìkan kò lè sọ èyí tí yóò bá Mussolini lọ àti èyí tí yóò bá Lenin lọ.

Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ní 1917, Anatoly Lunacharsky ló ń darí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ìkọ́ni ni ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà aṣáájú gbà wọnú ìjọba, wọ́n di olùkọ́ àti alákòóso ilé-ẹ̀kọ́. Marc Chagall dá ilé-ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní ìlú Vitebsk, ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní 1919. Lọ́dún kan náà ni Kazimir Malevich dé síbẹ̀, ẹni tó ti gbé àwòrán onígun mẹ́rin dúdú kọ́ ní Petrograd ní 1915, sí igun òkè yàrá tí àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń gbé ère mímọ́ kọ́ sí. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi tẹ̀ lé Malevich, tí Chagall sì kó ẹrù rẹ̀ lọ ní 1920. Ẹni tó bá ti bá wọn jókòó nípàdé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rí yóò lóye irú ìjà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé.

Owó ìjọba ló ń tẹ ìwé, bébà sì wọ́n. Ní 1921 Lenin kọ lẹ́tà ìbínú sí Lunacharsky nítorí pé wọ́n tẹ 5,000 ẹ̀dà ewì gígùn kan tí Mayakovsky pè ní 150,000,000. Lójú tirẹ̀, kò yẹ kí ó ju 1,500 lọ. Mo máa ń ka ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ó kéré. Kò sí ọlọ́pàá nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀wọ̀n. Iye ẹ̀dà ni wọ́n ń sọ. Akéwì náà sì wà lẹ́yìn ìjọba yẹn tọkàntọkàn, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ sára àwòrán ìkéde rẹ̀ ní àkókò náà.

Ibí yìí ni Formalism ti wọlé. Viktor Shklovsky, ẹni tó kọ́ wa pé iṣẹ́ ọnà ni láti sọ ohun tí ojú ti mọ́ di àjèjì, kọ èyí ní 1917. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1913, ó ti sọ̀rọ̀ ní gbangba láti gbè sẹ́yìn ewì Futurism, nítorí náà ara ewì tuntun yìí ni tíọ́rì náà ti jáde. Ọkùnrin tí a ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kò mọ òṣèlú yìí fara gbọgbẹ́ lójú ogun, ó kópa nínú ìyípadà ìjọba, ó wà lára àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ Bolshevik, ó sá lọ sí Finland ní 1922, ó sì dé Berlin. Ó padà sílé ní 1923. Lọ́dún kan náà ni Trotsky ń gbé àròkọ jáde tó fi bu ẹnu àtẹ́ lu Formalism, bó tilẹ̀ gbà pé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ wọn wúlò dé àyè kan. Ní oṣù Kìíní 1930, Shklovsky fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àṣìṣe ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà Mayakovsky yìnbọn pa ara rẹ̀. Ní 1932 ìjọba tú gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà ká. Ìjà Formalism àti Marxism tí a ń fi ṣe ìbéèrè ìdánwò, àwọn tó jà á mọ ojú ara wọn, àwọn kan sì sanwó rẹ̀.

Jámánì: akẹ́kọ̀ọ́ méjì

Ní oṣù Keje 1937 ni àwọn Násì ṣí ìpàtẹ ọnà tí wọ́n pè ní ọnà tó ti díbàjẹ́ ní Munich, iṣẹ́ bíi 650, kí ará ìlú lè wá fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ Emil Nolde. Ọmọ ẹgbẹ́ Násì ni, ó kórìíra àwọn Júù, ó sì gbàgbọ́ pé ọnà tòun ni ọnà Jámánì gidi. Ní 1933 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Násì kan ní Berlin gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Hitler kò gbà. Iṣẹ́ Nolde 1,052 ni wọ́n kó kúrò nínú mùsíọ́ọ̀mù, kò sí ayàwòrán mìíràn tí wọ́n kó tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Káàdì ẹgbẹ́ kò gbà á sílẹ̀.

Bauhaus ló kàn wá jù, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ni. Walter Gropius dá a sílẹ̀ ní Weimar ní 1919 pẹ̀lú owó ìjọba. Nígbà tí àwọn apá ọ̀tún gba ìjọba Thuringia ní 1924, wọ́n gé owó náà, ilé-ẹ̀kọ́ sì kó lọ sí Dessau ní 1925. Ní 1930 ìlú Dessau lé ọ̀gá rẹ̀ kejì, Hannes Meyer, nítorí pé ó fara mọ́ àwọn Kọ́múníìsì. Ní 1932 àwọn Násì inú ìgbìmọ̀ ìlú tì í pa. Ó gbìyànjú ní Berlin, ó parí níbẹ̀ ní 1933. Ìtàn tó mọ́ tónítóní nìyẹn bí a bá dúró níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Franz Ehrlich àti Fritz Ertl jọ kàwé níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1920. Ehrlich di Kọ́múníìsì, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n sì gbé e lọ sí àgọ́ Buchenwald ní 1937. Níbẹ̀ ni àwọn SS ti pàṣẹ fún un pé kí ó ya lẹ́tà sára irin ẹnu ọ̀nà àgọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé kí kálukú gba ohun tó tọ́ sí i. Lẹ́tà onírẹ̀lẹ̀ tó fara jọ ti Bauhaus ló fi yà á, irú èyí tí àwọn tó pàṣẹ gbà pé ó ti díbàjẹ́, wọn kò sì fura. Ertl ní tirẹ̀ di ọmọ SS, ó sì wà lára àwọn tó ya àwòrán ilé fún àgọ́ Auschwitz. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Vienna ní 1972, wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ló kọ́ wọn ní ilà fífà.

Ẹnìkan lè dìde nínú gbọ̀ngàn yìí pé àwọn kan wà tó yan ibi tó tọ́. Wọ́n wà. Ní 1931, nígbà tí Faransé pàtẹ àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Vincennes, tí Dahomey wà lára wọn, ẹgbẹ́ Surrealism ní Paris kọ ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má lọ wò ó, wọ́n sì bá àwọn Kọ́múníìsì ṣe ìpàtẹ tiwọn láti tako o. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ní oṣù Keje ọdún náà, André Breton àti Paul Éluard, tí owó ti wọ́n lọ́wọ́ wọn, ta àkójọ ère wọn láti Áfíríkà, Òkun Pàsífíìkì àti Amẹ́ríkà ní gbàǹjo.

Ní kíláàsì

Mo ti yọ ìbéèrè tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ Formalism àti Marxism kúrò nínú ìdánwò mi. Mo máa ń fún wọn ní iṣẹ́ kan báyìí, kí wọ́n ṣe ìtúpalẹ̀ ìhun rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yà ìró, àwítúnwí, gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ẹni tó san owó rẹ̀ àti ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí oníṣẹ́ náà bí ó bá kọ̀. Ìdáhùn wọn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, máàkì fífún sì ti le sí i fún mi.

Ní sáà tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ewì ìpolongo ìbò tí wọ́n ń lù ní rédíò?" Mo ní ó lè ṣe é. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ké e, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ òun. Mo ní kí ó jókòó, kí ó gbé ohùn tó gbà sílẹ̀ náà jáde, ká jọ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.