Bí Ọkọ̀ Bá Dojú Dé, Ta Ló Parọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n lónìí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi wọ̀n, ọ̀pọ̀ yín kà á sí eré ọmọdé: kí èèyàn jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó máa kọ́ ẹ̀dà àwọn ọkọ̀ gbalasa òfuurufú inú fíìmù àti inú ìwé sínú géèmù. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa ní Sùúrùlérè. Wọ́n ní a kàn ń fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò ni. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ kọ̀wé kó kọ̀wé, ẹni tó fẹ́ ta géèmù kó lọ ta géèmù, kí ẹnikẹ́ni má da méjèèjì pọ̀. Èmi ò gbà o. Lójú tèmi, ẹ̀dà ọkọ̀ tí a bá kọ́ dáadáa, iṣẹ́ lámèyítọ́ ni. Ó máa ń bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè tí àwa tá a kàn ń kàwé kọjá lọ kì í rántí bi í.

Géèmù méjì ni mo ní lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni Orbiter, tí Martin Schweiger ti University College London gbé jáde ní ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni. Ayé inú rẹ̀ tóbi tó ayé tiwa yìí gan-an, òòfà ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Èkejì ni Kerbal Space Program, tí ilé iṣẹ́ Squad ní Mexico kọ́kọ́ gbé síta ní 2011, tí wọ́n sì parí ní 2015. Àwọn èèyàn kéékèèké aláwọ̀ ewé ló ń wa ọkọ̀ níbẹ̀. Ayé wọn kéré: láti àárín gbùngbùn rẹ̀ dé orí ilẹ̀ jẹ́ kìlómítà 600, nígbà tí tiwa jẹ́ 6,371. Ẹni tó bá fẹ́ yípo ayé wọn láìjábọ́ gbọ́dọ̀ sáré tó bíi kìlómítà 2.3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ayé tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7.8. Eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò inú rẹ̀ kì í ṣe eré.

Níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ nínú Kerbal, bọ́ọ̀lù mẹ́ta wà tí èèyàn lè pè jáde. Èyí tó ní yẹ́lò lára ń fi ibi tí ìwúwo ọkọ̀ ti dọ́gba hàn. Aláwọ̀ àlùkò ń fi ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń tì í hàn. Aláwọ̀ búlúù ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e hàn. Ẹ rántí àwọn bọ́ọ̀lù yìí o, torí àwọn ni adájọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe Enterprise sílé ẹjọ́, ọkọ̀ inú Star Trek tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ní 1966. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: àwo pẹrẹsẹ kan níwájú, ara rẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀pá gbọọrọ méjì lókè lẹ́yìn. Ó rẹwà, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ́ńjìnnì sínú ọ̀pá méjì yẹn nínú Kerbal, kẹ́ ẹ wo bọ́ọ̀lù. Àlùkò á wà lókè, yẹ́lò á wà nísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tanná sí i, imú ọkọ̀ á tẹ̀ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkìtì bí ọmọdé nínú iyanrìn. Lójú tèmi, ó jọ pé ojú òǹwòran ni àwọn tó ya ọkọ̀ náà ń rò ju ìtì lọ. Akọ́lé tó gbọ́n á rọ epo kún inú ọ̀pá méjèèjì kí ìwúwo lè gòkè, tàbí kó fi ẹ́ńjìnnì kékeré kan pamọ́ sísàlẹ̀ ara ọkọ̀. Nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti sọ fún wa pé, "Ibi báyìí ni ìtàn yín ti jò, ibi báyìí ni mo ti lẹ̀ ẹ́."

Discovery yàtọ̀. Òun ni ọkọ̀ inú 2001: A Space Odyssey, fíìmù Stanley Kubrick àti Arthur C. Clarke tó jáde ní 1968. Ọkọ̀ yẹn gùn tẹ́ẹ́rẹ́: èèyàn wà nínú orí rẹ̀ tó rí roboto, ẹ́ńjìnnì átọ́míìkì wà ní ìdí pátápátá, ọ̀pá ẹ̀yìn gígùn sì là wọ́n láàárín. Ìdí wà fún gígùn yẹn: wọn ò fẹ́ kí ìtànṣán ẹ́ńjìnnì pa àwọn inú ọkọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ẹni tó ronú ló ya èyí. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ sínú géèmù, ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn á máa mì lẹ̀ngẹ́lẹ̀ngẹ́ bí ọ̀pá ìpẹja, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná. Ibo ni rédíétọ̀ wà? Kò sí. Lójú òfuurufú kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò fẹ́ ooru lọ. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní abẹ̀bẹ̀ ńlá tí yóò máa tan ooru náà dà nù. Clarke mọ èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ pé abẹ̀bẹ̀ wà nínú àwòrán ìbẹ̀rẹ̀, pé wọ́n yọ ọ́ kúrò torí òǹwòran lè máa bèèrè ohun tí ọkọ̀ gbalasa ń fi ìyẹ́ ṣe.

Ẹ tún wo àgbá ńlá inú rẹ̀ tó ń yí kí àwọn èèyàn lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́ fún fíìmù náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 38. Mo ṣírò rẹ̀: kí ẹsẹ̀ lè tẹlẹ̀ níbẹ̀ bíi ti ayé, ó gbọ́dọ̀ yí tó ìgbà 12 láàárín ìṣẹ́jú kan. Òòyì á kọ́ onítọ̀hún ni, á máa bì. Nínú fíìmù, jẹ́jẹ́ ló ń yí, ọkùnrin kan sì ń sáré ìdárayá nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ṣé mo ń sọ pé fíìmù náà ò dára ni? Rárá o. Ohun tí mò ń sọ ni pé irọ́ pín sí oríṣi méjì. Ẹni tó mọ òtítọ́ tó sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹwà, iṣẹ́ ọnà ló ń ṣe. Ẹni tí kò wá òtítọ́ rárá, ọ̀lẹ ni. Ẹ̀dà inú géèmù ló máa ń jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ ọ̀lẹ.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn akọ́lé kan wí. Inú Kerbal, ibì kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ kí epo má tán láé, kí ìsopọ̀ má já, kí ọkọ̀ má fọ́ bó bá jábọ́, kí òòfà ilẹ̀ dín kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́rífọ́rí láàárín wa, màgòmágó yìí ló gbé wọn dúró. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀dà ni mò ń ṣe, kì í ṣe ìdánwò." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ìfẹ́ ló mú un kọ́ ọ, ìfẹ́ sì kì í fẹ́ rí àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí wọ́n ti di adájọ́ lẹ́nu fún, àwòrán ara ògiri ni. Kò kọ́ ẹni tó kọ́ ọ ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ló yẹ kó wà nínú àwòkọ. Lámídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére tó dolóògbé ní 2009, ọwọ́ George Bándélé ló wò kó tó ní ọwọ́ tirẹ̀. Igi ò gba màgòmágó: bí ọmọṣẹ́ bá gbẹ́ ẹ jù, kò sí bọ́tìnnì tí yóò tẹ̀ kó padà.

Àwa ará ìhín gan-an, a ti ń gbé pẹ̀lú ẹ̀dà kan tipẹ́. Théàtà Àpapọ̀ ní Igánmú, tí wọ́n kọ́ fún FESTAC 1977, ẹ̀dà ni. Gbọ̀ngán Àṣà àti Eré Ìdárayá tó wà ní ìlú Varna ní Bulgaria, tí wọ́n ṣí ní 1968, ni wọ́n wò kọ́ ọ, ilé iṣẹ́ Bulgaria ló sì kọ́ ọ. Wọ́n kàn mú tiwa tóbi jù ni. Ní 2024 wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyinká sọ ọ́. Àwọn èèyàn ní fìlà ṣọ́jà ló jọ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tí ilé wọn ò jìnnà sí Ògùnlànà, ní irọ́ ni, ó ní ọkọ̀ gbalasa ló balẹ̀ síbẹ̀. Ló bá kọ́ ọ sínú Kerbal.

Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ yẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé fìlà náà lé orí rọ́kẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ gbá a lójú, gbogbo rẹ̀ sì yí dànù. Kò tẹ màgòmágó. Ó gé théàtà náà sí ọ̀nà mẹ́fà, ó ń gbé e lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì so wọ́n pọ̀ lókè níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni NEPA mú iná lọ nígbà tí ìsopọ̀ ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ rèé: ìta nìkan ló kọ́. Gbọ̀ngán ńlá tó wà ní Igánmú ń gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn. Ti òkè yìí, èèyàn mẹ́ta péré ló ní àyè. Kí la fẹ́ fi théàtà tí kò ní òǹwòran ṣe? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó di ìtàn, òun sì fi í sílẹ̀.

Ó tún ṣe ohun kan tó wú mi lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orbiter gba èèyàn láyè láti gbé pápá rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ibi tó bá wù ú, ó sì gbé tirẹ̀ sí Èkó. Ayé ń yí lọ sí ìlà oòrùn, ọkọ̀ tó bá gbéra síbẹ̀ sì ń gba èènì. Ní Èkó, èènì yẹn tó bíi mítà 460 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Plesetsk ní Rọ́ṣíà, níbi tí NigeriaSat-1 wa ti gbéra ní oṣù kẹsàn-án 2003, kò ju bíi 210 lọ. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run fún wa ní nǹkan! Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ìlà oòrùn. Kò sí òkun níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni, Òrè ni, Benin ni, Asàbà ni, títí dé ìhà Enugu. Àgbá epo tó bá tú kúrò lára rẹ̀, òrùlé ta ló fẹ́ já lé?

Ẹ wo bí ìtàn ṣe jáde látinú ìṣirò. Mo ti ka ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì bíi mélòó kan nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí tí ọkọ̀ ti gbéra ní Èkó, kò sì sí ìkankan tó bèèrè lọ́wọ́ ará Òrè. Ọkọ̀ inú wọn, ti Hollywood ni, a kàn kọ orúkọ Yorùbá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. NigComSat-1 tí wọ́n gbé lọ láti ilẹ̀ Ṣáínà ní 2007 kú lókè ní 2008 nítorí pé pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tó ń fún un níná ní ìṣòro. Àìsíná lókè ọ̀run! Èwo nínú wa ló ti fi ìyẹn kọ ìtàn?

Fún ìdí yìí, iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akọ́lé gbé ṣe ni Ragtime, ọkọ̀ inú Far from the Light of Heaven tí Tade Thompson kọ ní 2021. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìlú Ọba ni, ibùdó kan wà lójú òfuurufú nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Lagos. Èèyàn ń sùn nínú Ragtime fún ọdún púpọ̀, kọ̀ǹpútà ni kápútẹ́nì, ìgbà tí wọ́n sì máa débẹ̀, òkú ti sùn. Kò sí fíìmù tẹ́ ẹ máa wò dà á kọ. Ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan lẹ ní, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì kẹ́ ẹ tó lè mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì máa wà.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé náà, kẹ́ ẹ tó mú ìtàn ọkọ̀ yín wá fún wa, ẹ kọ́kọ́ gbé e lé orí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá dojú dé, ẹ má tẹ màgòmágó. Ẹ wo ibi tó gbà ṣubú, kẹ́ ẹ sì kọ ìyẹn.