Ta Ni Ẹlẹ́rìí? Àfiwé Àtẹ Ìpele Ìwé-Ẹ̀rí Iṣẹ́-Ọwọ́ ní Orílẹ̀-Èdè Márùn-ún, láti Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

1. Ìfáárà

Nínú bébà yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè márùn-ún ń gbà to ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́-ọwọ́ ní ìpele-ìpele wò, kí a sì fi wọ́n wé ara wọn. Àtẹ ìpele ni a ó máa pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ẹni tí ó bá rí ìwé-ẹ̀rí kan bí ìmọ̀ ẹni tí ó ni ín ti tó, àti ìwé-ẹ̀rí mìíràn tí ó bá a dọ́gba, yálà nílé tàbí lẹ́yìn odi.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti ṣe irú àfiwé yìí ni kíka ìpele. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6. Gánà àti Jámánì ní 8. Gúúsù Áfíríkà ní 10. Scotland ní 12. Èrò tiwa ni pé kíka ìpele kò lè kọ́ wa ní nǹkan púpọ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bèèrè ni èyí: ta ni àtẹ náà gbà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí pé oníṣẹ́ mọ iṣẹ́? Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni a ó ti wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí oríṣi méjì ti kọjú sí ara wọn.

2. Ṣọ́ọ̀bù Ajégúnlẹ̀ àti géètì Àpápá

Ní Ajégúnlẹ̀, bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ jórinjórin, rewáyà tàbí aránṣọ, àwọn òbí rẹ̀ yóò mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọn yóò fi onígbọ̀wọ́ sílẹ̀, wọn yóò sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Bí ọdún tí wọ́n dá bá pé, a ó ṣe fírídọ̀mù fún un: ọ̀gá yóò gbàdúrà, yóò fa irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, àwọn olóyè ẹgbẹ́ yóò sì jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìwé tí ó bá gbà lọ́jọ́ náà ni yóò fi há ara ògiri nígbà tí òun náà bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí èbúté Àpápá rárá, ṣùgbọ́n ìwé ara ògiri yìí kì í sábà kọjá géètì àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀. Ìwé Trade Test ti Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, tàbí ti NABTEB, ni wọ́n ń bèèrè. Ní ayé àwọn bàbá wa, City and Guilds ti London ni. Inú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni a ti tọ́ òǹkọ̀wé yìí dàgbà. A rí ọ̀gá kan tí wọ́n dá padà ní ẹnu géètì, tí wọ́n sì gba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, nítorí pé ọmọ-iṣẹ́ náà ti lọ ṣe Trade Test. Ẹni tí ó kọ́ni kò mọ iṣẹ́ lójú géètì. Ẹni tí ó kọ́ mọ̀ ọ́n. Irú èyí ni àtẹ ìpele yẹ kí ó tún ṣe.

3. Nàìjíríà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 2013 ni Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí àtẹ ìpele tí a ń pè ní NSQF, tí NBTE, ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1977, ń bójú tó. Ó yẹ kí a yìn ín. Kò ní dandan kí oníṣẹ́ padà sí kíláàsì. Olùdánwò lè wò ó lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì ka ìmọ̀ tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ sí i lọ́rùn. Lórí ìwé, ọ̀gá tí wọ́n dá padà yẹn ti rí ọ̀nà.

Àmọ́ NVQ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àtẹ yìí fi ṣe àwòkọ́ṣe, ó sì yẹ kí a mọ ìtàn ohun tí a yá. Ní 1986 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ NVQ, tí ó wá ní ìpele 5. Wọ́n yí àtẹ wọn padà ní 2008, wọ́n sì tún un yí ní 2015. Ní 2011, ìwádìí tí Alison Wolf ṣe fún ìjọba wọn fi hàn pé, ó kéré tán, 350,000 ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 16 sí 19 ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe láǹfààní. Ìwé-ẹ̀rí pọ̀, iyì rẹ̀ lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kò tó nǹkan. Bí ẹlẹ́rìí kò bá ní iyì, iye ìpele kò lè fún un ní iyì.

4. Jámánì

Ọdún 2013 kan náà ni Jámánì gbé àtẹ ìpele tirẹ̀ jáde. Ibí yìí ni àfiwé wa ti dùn jù. Kí àtẹ náà tó dé, òfin 1953 ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ àdúgbò ni yóò máa dán oníṣẹ́ wò, òfin 1969 sì ti ṣètò ìkọ́ṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ni àtẹ wọn kọ sílẹ̀. Ó fi ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́ sí ìpele 6, ìpele kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Ní tiwa, àtẹ ni ó kọ́kọ́ dé. A sì ń retí kí àwọn ẹlẹ́rìí wá bá a.

5. Gánà àti Benin

A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn òfin 2006, Gánà fi ìpele méjì àkọ́kọ́ nínú àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Orílẹ̀-Èdè Benin ṣe ìwé-ẹ̀rí méjì ní 2005: CQP fún ọmọ-iṣẹ́ tí ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, CQM fún ẹni tí kò kàwé. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ àtẹ ni wọ́n fi oníṣọ́ọ̀bù sí. Ọ̀gá tí ó ti kọ́ èèyàn mẹ́wàá níṣẹ́ kò yẹ ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira.

6. Àtakò

A lè takò wá pé ẹlẹ́rìí ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbára lé. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀gá mìíràn wà tí ó ń fi ọmọ-iṣẹ́ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀; òmìíràn a máa ṣe fírídọ̀mù fún ẹni tí kò ì tíì mọ iṣẹ́, nítorí owó. Ẹni tí yóò jó irin lára àgbá epo kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe, nítorí pé ẹ̀mí ni yóò lọ sí i. Géètì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Ohun tí a ń sọ kọ́ ni pé kí a gba gbogbo ìwé ara ògiri wọlé, bí kò ṣe pé kí olùdánwò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé NSQF. Ẹnì kan lè dá a lábàá pé kí a tú u sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùrhobo àti Hausa ni ó jọ ń gbé Ajégúnlẹ̀. Pijin ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́. Bí a kò bá lè fi Pijin dán ènìyàn wò, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni a ń dán wò, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

7. Ìkádìí

Àbá wa mọ níwọ̀n. Kí NBTE kọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ ní ìlànà ìdánwò, kí wọ́n lè di olùdánwò. Kí a ka ìwé fírídọ̀mù mọ́ ẹ̀rí. Kí a sì máa bi oníṣẹ́ léèrè ní èdè tí ó fi kọ́ṣẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ni ọwọ́ rẹ̀ tó géètì Àpápá. Ọ̀gá ni ó mọ ohun tí ó wà nínú ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́. Bí àtẹ kan kò bá so ọwọ́ méjèèjì pọ̀, bí ó ní ìpele mẹ́fà, bí ó ní méjìlá, ìta géètì ni ọ̀gá yẹn yóò ṣì dúró sí.