Òkú Kò Lè Wí Tẹnu Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé, ẹ kò ní ṣàì mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni a fi ń gbọ́ ìtàn àwọn ẹni àná. Ọ̀nà kìíní ni ti òpìtàn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí i. Ọ̀nà kejì ni ti òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tàbí eré oníṣe, ẹni tí ó mú òkú jáde láti inú ìtàn, tí ó fi ẹran-ara wọ̀ ọ́, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ti ẹni kejì yìí ni ó máa ń dùn mọ́ wa jù, òun náà ni ó sì máa ń pẹ́ jù lọ́kàn wa. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí á mọ ohun tí ó tọ́ kí á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo rí: òtítọ́ nípa àwọn nǹkan ayé ìgbà náà, òtítọ́ nípa ohun tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe, àti òtítọ́ nípa ọkàn ọmọ ènìyàn.

Èkíní kò nira. Bí ìwé kan bá sọ fún ọ pé ará Ọ̀yọ́ Ilé ka náírà lé ọwọ́ ẹni tí ó jẹ ní gbèsè, o ó rẹ́rìn-ín, nítorí owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà, náírà kò sì dé títí di ọdún 1973. William Shakespeare pàápàá, tí gbogbo ayé ń yìn, jẹ́ kí aago lù ní ìlú Róòmù nínú eré rẹ̀ nípa Julius Caesar, nígbà tí irú aago bẹ́ẹ̀ kò tíì sí láyé. Àṣìṣe ni, ó sì yẹ kí òǹkọ̀wé ṣọ́ra fún un, ṣùgbọ́n kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. A lè rẹ́rìn-ín kí á sì máa kàwé wa lọ.

Èkejì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú eré Shakespeare mìíràn, Macbeth gún ọba Duncan pa lójú oorun, nígbà tí ọba náà jẹ́ àlejò nínú ilé rẹ̀. Àwọn òpìtàn wí pé ojú ogun ni Duncan kú sí ní ọdún 1040, Macbeth sì jọba Skọ́tíláńdì fún ọdún 17 lẹ́yìn rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tí ó mọ orúkọ Macbeth lónìí ni ó mọ èyí?

Ẹ jẹ́ kí á padà wá sílé. Ẹ gbé eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá yẹ̀ wò, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Nínú eré náà, òǹrorò paraku ni Ìyálóde Ìbàdàn. Ó ní kí a bẹ́ orí Adétutù, ẹrú rẹ̀, nítorí pé ó lóyún. Nígbẹ̀yìn, Látòósà dìde sí i, ó ṣẹ́gun rẹ̀, Ẹfúnṣetán sì gbé májèlé jẹ, nítorí pé ikú yá a ju ẹ̀sín lọ.

Samuel Johnson, ẹni tí ń gbé Ìbàdàn ní àkókò náà gan-an, sọ ọ́ lọ́nà mìíràn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921. Ó gbà pé Ẹfúnṣetán rorò sí ẹrú. Ó sì sọ ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹ̀ wá: ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún 1860. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1874 kì í ṣe ti ẹrú rárá. Ó ní Ìyálóde kò bá òun lọ sógun, kò fi ìpèsè ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì wá pàdé òun lẹ́nu odi nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á mọ́ ojú oorun, àwọn ìjòyè ni ó sì wà nídìí rẹ̀.

Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ náà? Nínú ìwé Johnson, ìjà ọlá ni, láàrin balógun kan àti obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò tẹrí ba fún un tó. Nínú eré, ìjà òdodo ni, Látòósà sì di olùgbàlà. Èmi kò wí pé Ìṣọ̀lá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yí òpin náà padà. Orí ìtàgé ń fẹ́ kí ọ̀tá méjì dojú kọ ara wọn ní gbangba. Ọ̀tẹ̀ abẹ́lẹ̀ kò ṣeé wò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyípadà yìí gbé ẹ̀bi kúrò lórí ẹnìkan, ó sì dì í lé orí ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni òtítọ́ ọkàn, níbẹ̀ ni eré náà sì ti gba oríyìn. Kò sí ènìyàn tí ń jí lówúrọ̀ tí yóò wí pé, “Èmi ìkà nìyí.” Olúkúlùkù ìkà ni ó ní ìdí tí ó dára lójú ara rẹ̀, òǹkàwé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìdí náà. Òǹkọ̀wé tí kò mọṣẹ́ a máa ṣe ènìyàn búburú bí ẹni pé inú ibi ni a bí i sí, a sì máa ṣe ènìyàn rere bí ẹni tí a kò dán wò rí. Ẹfúnṣetán ti inú eré yìí kì í ṣe ère igi. Ìgbéraga rẹ̀, àkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àìbẹ̀rù rẹ̀, gbogbo wọn ni a gbà gbọ́. A kórìíra ìwà rẹ̀, síbẹ̀ bí ó bá ti wọlé ni a ń tẹ́tí.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ayédèrú owó tí kò dára, ọmọdé yóò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó jọ ojúlówó ni ó ń tan àgbà jẹ. Bí ẹ̀dá inú ìtàn bá ti jọ ènìyàn tó, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe máa fi í búra tó. Ọ̀pọ̀ tí kò ṣí ìwé Johnson rí ni yóò sọ fún ọ pé májèlé ni Ẹfúnṣetán jẹ. Nítorí irú èyí ni òpìtàn bíi Bọ́lánlé Awẹ́ fi kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1992, kí a lè rí oníṣòwò àti olóyè tí ó jẹ́, kí a má ṣe rí òǹrorò nìkan.

Ẹni tí ó wà láàyè, bí a bá purọ́ mọ́ ọn, yóò wí àwíjàre. Òkú kò lè wí tẹnu rẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbàgbé pé òkú náà ni àwọn ẹrú tí ó kú lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí ìwé kò tilẹ̀ dá orúkọ wọn sí fún wa. Ẹni tí yóò bá gbèjà Ìyálóde, kí ó rántí àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí o bá parí ìtàn tí ó dá lórí ẹni àná, kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀, nítorí ìdí tí a fi kọ ọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wá òpìtàn lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti yàtọ̀, bi ara rẹ léèrè pé, kí ni òǹkọ̀wé rí tí ó fi yí i padà? Bí ó bá jẹ́ kí ìtàn lè dùn ni, tí kò sì sọ aláre di ẹlẹ́bi, yìn ín. Bí ó bá sọ aláre di ẹlẹ́bi, tàbí tí ó fọ ẹlẹ́bi mọ́, máa yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe fi í jẹ́rìí.